Ó Yẹ Kí Gbogbo Ọ̀dọ́ Mọ Ibi tí Àwọn Baba Ńlá Wọn Ti Gbé Rí

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé tí òwe yìí ń wí kì í ṣe èyí tí baba rẹ kọ́ sí ìgboro nìkan. Ó kan ahoro tí àwọn baba ńlá rẹ fi sílẹ̀ lórí òkè. Èrò tèmi ni pé gbogbo ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ dá ni ó yẹ kí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ ibẹ̀, kí àgbà sì mú un lọ, kí àwọn tí ó mọ ọ̀nà ibẹ̀ tó tán.

Ẹ jẹ́ kí a fi ilẹ̀ Àkókó ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó ṣe àpẹẹrẹ. Bí o bá gbéra ní Ìkàrẹ́, tí o gba Àkùngbá lọ sí Ọ̀kà, òkè àpáta ni ìwọ yóò máa rí lọ́tùn-ún lósì. Òkè wọ̀nyí ni odi àwọn baba wa. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ọmọ ogun Tápà láti Bídà ń kó àwọn ará Àkókó lẹ́rú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sá gun orí àpáta, níbi tí ẹlẹ́ṣin kò lè lé wọn dé. Ní ọdún 1897, àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company ṣẹ́gun Bídà. Ìbẹ̀rù rọlẹ̀, díẹ̀díẹ̀ sì ni àwọn ènìyàn ń sọ̀ kalẹ̀ wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀, níbi tí ọjà, ilé-ẹ̀kọ́ àti ọ̀nà mọ́tò wà.

Ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣe iṣẹ́ olùkọ́, bí mo bá ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ ìtàn ìlú wọn, gbólóhùn kan náà ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń bẹ̀rẹ̀: láti Ilé-Ifẹ̀ ni àwọn baba ńlá wa ti wá. Gbólóhùn kejì yóò ti dé ẹ̀bá títì ọlọ́dà. Ta ni ó gbé ayé láàárín? Níbo ni wọ́n ti ń pọn omi nígbà ogun? Níbo ni wọ́n sin òkú wọn sí? Ahoro ni ó lè dáhùn. Àpáàdì ìkòkò wà níbẹ̀. Ojú ibi tí àwọn ìyá ìyá wa ti ń lọ nǹkan lórí àpáta títí ó fi jìn wà níbẹ̀.

Ọmọ Amẹ́ríkà tí ìran rẹ̀ ṣẹ̀ wá láti ìlú kékeré kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè dá lọ síbẹ̀, kí ó sì rí orúkọ baba ńlá rẹ̀ kà. Láti ọdún 1538 ni ìjọba ibẹ̀ ti pàṣẹ pé kí ṣọ́ọ̀ṣì máa kọ orúkọ àwọn tí a ṣe ìrìbọmi fún, àwọn tí a so pọ̀ àti àwọn tí a sin. Ẹnu àgbà ni ìwé tiwa. Bí o bá dá gun òkè, òkúta ni ìwọ yóò rí. Bí o bá bá àgbà lọ, òkúta yóò di ojúlé, igi yóò di ojú ọjà.

Àwọn kan ń sọ pé ibi ìbọ̀rìṣà ni ahoro, pé kò yẹ kí Onígbàgbọ́ tàbí Mùsùlùmí débẹ̀. N kò fara mọ́ èyí. Ní Ọ̀kà kan náà, àwọn ọmọ ìjọ Àgùdà ń gun Òkè Màríà lọ gbàdúrà. Gígun òkè kò sọ ẹnikẹ́ni di abọ̀rìṣà. Bí ibi kan bá jẹ́ èèwọ̀, àgbà tí ó mú ọ lọ yóò sọ fún ọ, ìwọ yóò sì dúró níbi tí ó bá ní kí o dúró.

Àwọn mìíràn ní kò sí èrè níbẹ̀. Wo Ìdànrè. Ààfin àtijọ́ ṣì wà lórí òkè wọn, àwọn àlejò sì ń gun àtẹ̀gùn lọ wò ó. Ní ọdún 2007, orúkọ òkè náà wọ ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO kà mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé.

Nítorí náà, nígbà ìsinmi ẹ̀ẹ̀rùn tí ń bọ̀, bẹ olórí ẹbí yín kí ó mú ọ lọ. Mú ìwé àti kálámù dání. Kọ orúkọ ojúlé, odò àti ibojì sílẹ̀. Bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Àrọ́bá ni baba ìtàn. Ṣùgbọ́n bí àrọ́bá bá tán lẹ́nu àgbà, tí ọmọ kò sì kọ ọ́ sílẹ̀, kí ni ọmọ ọmọ yóò bá?