Ẹ Fi Ètò Ìlera Ṣáájú Ìwé Ìrìnnà: Ẹjọ́ Àwọn Ọmọ Wa Tó Ń Yọ̀ǹda Ara Wọn Lókè Òkun

Láti ọdún 1987, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́lájí Akínyẹmí jẹ́ mínísítà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, ni Nàìjíríà ti ń rán dókítà, nọ́ọ̀sì, olùkọ́ àti ẹnjiníà lọ ṣiṣẹ́ ọdún méjì-méjì ní Áfíríkà, Kàríbíà àti Pàsífíìkì, lábẹ́ ètò tí wọ́n ń pè ní Technical Aid Corps. Àwọn ìjọ náà ń rán ajíhìnrere, àwọn ẹgbẹ́ aláàánú ń rán ọ̀dọ́. Ohun iyì ni. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ti gba físà, tí a sì ti gbàdúrà fún un, ọ̀pọ̀ nínú wa a gbà pé ìmúrasílẹ̀ ti parí.

Àwọn àgbà ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Ohun tí ìwé yìí ń béèrè ni pé kí ẹni tó ń rán ni níṣẹ́ mọ ẹrù tirẹ̀. Òun ló yẹ kó kọ ètò ìlera àti ààbò sílẹ̀, kó fọwọ́ sí i, kó sì san owó rẹ̀, kí ìránṣẹ́ rẹ̀ tó wọ ọkọ̀ òfurufú.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ ibà, nítorí òun la fojú di jù. Ẹni tó dàgbà sí Ìbàdàn tàbí Òṣogbo, ẹ̀fọn ti jẹ ẹ́ títí ara rẹ̀ fi mọ bí a ṣe ń bá ibà jà. Bó bá lọ ṣiṣẹ́ ní Fiji tàbí Seychelles, níbi tí kò sí ibà ẹ̀fọn, ewu méjì ló ń tẹ̀ lé e. Kòkòrò tó gbé láti ilé lè dá a wó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí dókítà ibẹ̀, tí kì í sábà rí ibà, máa wá nǹkan mìíràn kiri nígbà tí àìsàn náà ń wọra. Bó bá sì lo ọdún méjì láìsí ìjẹ ẹ̀fọn wa, agbára tí ara rẹ̀ ní a máa dínkù. Ó padà wálé, ó ní ibà lásán ni, ó ti ń ṣe òun láti kékeré. Ibà náà sì lè dá ẹ̀mí rẹ̀ légbodò. Ọ̀rọ̀ tí a lè sọ fún un lórí ìjókòó kan ni gbogbo èyí. Ta ló ni iṣẹ́ náà láti sọ ọ́? Kí orúkọ onítọ̀hún wà nínú ètò.

Nọ́ọ̀sì tí abẹ́rẹ́ aláìsàn gún lọ́wọ́ ní ìletò jíjìn ńkọ́? Oògùn tó lè dènà kòkòrò HIV gbọ́dọ̀ wọ ara rẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé. Bó bá ṣe yá tó ló ṣe dára tó. Bí olú-ìlú nìkan ni oògùn náà wà, tí ọkọ̀ kì í lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́, ó yẹ kó ti wà nínú àpótí rẹ̀ láti ilé. Káàdì àjẹsára ibà pọ́njú ńkọ́? Àwọn kan ń ra káàdì láìgba abẹ́rẹ́. Ara wọn ni wọ́n ń tàn jẹ.

Ewu kan tún wà tí abẹ́rẹ́ àjẹsára kò ràn. Ní oṣù Kẹta ọdún 2009, wọ́n pa Kate Puzey, ọmọ Amẹ́ríkà ẹni ọdún 24 tó ń kọ́ni ní Badjoudè, ní àríwá orílẹ̀-èdè Benin, lábẹ́ Peace Corps, ètò tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń rán àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni lọ sókè òkun. Ó ti fi tó àwọn ọ̀gá létí pé ọkùnrin kan ń bá àwọn ọmọ iléèwé lòpọ̀. Ọ̀rọ̀ tó sọ ní kọ̀rọ̀ kò dúró ní kọ̀rọ̀. Àwọn ẹbí rẹ̀ jà títí ilé aṣòfin Amẹ́ríkà fi ṣe òfin kan ní orúkọ rẹ̀, tí Ààrẹ Obama fọwọ́ sí ní oṣù Kọkànlá ọdún 2011: kí wọ́n pa àṣírí ẹni tó mú ẹ̀sùn wá mọ́, kí ẹni tí wọ́n bá fipá bá lò ní agbẹnusọ tirẹ̀. Ọdún 1961 ni wọ́n dá Peace Corps sílẹ̀. Àádọ́ta ọdún gbáko kí òfin yìí tó dé! Kí àwọn aṣòfin wa l'Ábùjá má dúró de òkú ọmọ tiwa.

Àwọn kan á ní owó kò sí. Owó tí wọ́n fi ń gbé aláìsàn wálé láti erékùṣù ọ̀nà jíjìn pọ̀ gan-an, ẹbí ló sì máa ń já lé léjìká bí kò bá sí adójútòfò. Àwọn mìíràn á ní Ọlọ́run ló ń ṣọ́ni. Mo gbà bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn. Síbẹ̀, ẹni tó gun ọ̀kadà láìdé akoto kò gbọdọ̀ pe ìyẹn ní ìgbàgbọ́, ìjọ tó rán an lọ láìra akoto fún un kò sì gbọdọ̀ pè é bẹ́ẹ̀.

Ní 2014, lẹ́yìn tí Ẹ̀bólà mú ogún ènìyàn ní Nàìjíríà, tó sì pa mẹ́jọ, tí Dókítà Adadevoh tó tọ́jú aláìsàn Ẹ̀bólà wà lára wọn, àwọn ọmọ wa tún yọ̀ǹda ara wọn lọ sí Liberia àti Sierra Leone láti gbógun ti àrùn náà. Irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ la ń ro ẹjọ́ wọn níbí. Kí òfin sọ ọ́ di dandan pé kí ìwé ètò ìlera àti ààbò ẹni kọ̀ọ̀kan ní nǹkan wọ̀nyí: orúkọ ilé ìwòsàn tí wọ́n máa gbé e lọ, iye owó tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀, nọ́ńbà ẹni tó lè pè lóru, àti ẹni tó lè finú hàn láìbẹ̀rù. Títí òfin náà yóò fi dé, kí òbí tí ọmọ rẹ̀ ń lọ béèrè ìwé ètò náà lọ́wọ́ àwọn tó ń rán an, kó sì kà á tán kó tó sìn ín dé pápákọ̀ òfurufú.