Owó ìgbafẹ́ tọkọtaya Sùúrùlérè kò sùn mọ́jú l'Ágbádárìgì

Nígbà tí ọ̀rọ̀ ìsinmi bá délẹ̀ láàrin tọkọtaya tó ń ṣiṣẹ́ oṣù ní Sùúrùlérè, Yábàá tàbí Múṣín, Dubai ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba ti ní kí ọjà máa sọ iye tí náírà jẹ́, àlá náà ti le. Dọ́là kan tó wà ní nǹkan bíi 470 náírà ní báńkì nígbà náà ti kọjá 1,500 nígbà tí yóò fi di oṣù kejì ọdún 2024. Owó oṣù kò lé e bá. Ẹni tó ti ń tu owó jọ láti ọdún méjì wá rí i pé owó tó yẹ kó gbé òun àti ìyàwó òun dé Dubai kò lè gbé wọn kúrò ní pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà mọ́.

Ibi tó kù fún irú àwọn bẹ́ẹ̀ kò jìnnà. Láti Eric Moore ní Sùúrùlérè, nǹkan bíi kìlómítà 60 ni ọ̀nà márosẹ̀ tó lọ sí Àgbádárìgì àti ẹnubodè Sèmè. Ó yẹ kí ó jẹ́ ìrìn àjò wákàtí kan. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó ti bá ọ̀nà náà lọ, ẹ ó gbọ́ iye wákàtí tó gbà á. Ọdún 2009 ni ìjọba Babatunde Fashola gbé iṣẹ́ jáde láti fẹ ọ̀nà yìí sí ọ̀nà mẹ́wàá, pẹ̀lú ojú irin láàrin rẹ̀. Reluwé ọ̀hún bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò lóòótọ́ ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, láti Marina dé Mile 2, kìlómítà 13. Ọdún mẹ́rìnlá rèé. Ẹni tó bá fẹ́ kọjá Mile 2 lọ sí Okokomáíko àti Àgbárá, inú ọkọ̀ ni yóò jókòó sí, yóò sì fara mọ́ ohun tó bá bá pàdé.

Ohun tó sì ń dunni níbẹ̀ ni pé ìrìn àjò náà dára. Tí èèyàn bá ti bọ́ lọ́wọ́ sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ Ọ̀jọ́ àti Okokomáíko, tó kọjá Àgbárá, ilé á dín kù, igi àgbọn á bẹ̀rẹ̀ sí í tò lọ́tùn-ún lósì, atẹ́gùn á sì yí padà. Ní Àgbádárìgì fúnra rẹ̀, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tí wọ́n parí ní 1845 ṣì wà ní Marina, ó kọjú sí ọ̀sà. Ilé tí wọ́n ń kó ẹrú pamọ́ sí, èyí tó jẹ́ ti Sẹ̀ríkí Williams Abass, kò jìnnà síbẹ̀: yàrá 40 ni wọ́n ní ó ní. Láti etí ọ̀sà yìí ni ọkọ̀ ojú omi ti ń gbé àlejò sọdá sí erékùṣù Gbẹ̀rẹ̀fù.

Erékùṣù yìí gan-an ló yẹ kí tọkọtaya tó fẹ́ràn ìrìn ẹsẹ̀ tìtorí rẹ̀ lọ. Kò sí òkè láti gùn bíi ti Ìdánrè o. Yanrìn ni, àti igi àgbọn, àti ọ̀nà tí wọ́n kó àwọn ẹrú gbà lọ sínú ọkọ̀. Kànga kan wà lójú ọ̀nà tí wọ́n ní wọ́n máa ń fún wọn lómi rẹ̀ mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Lẹ́yìn ìyẹn, òkun ló kù, gbayawu, pẹ̀lú òpó méjì tí wọ́n fi sàmì sí ibi tí ẹni tó bá kọjá kò ní padà mọ́. Kò jọ etíkun tí wọ́n ti ń yin ẹ̀rọ orin sókè rárá, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó bá lọ kì í sábà sọ pé àwọn kábàámọ̀.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ ká ṣírò. Tọkọtaya tó lọ láàárọ̀ tó padà nírọ̀lẹ́ yóò ra epo, tó ti kúrò ní ohun tí kò pé 200 náírà lítà kan ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún ọdún 2023, tó sì kọjá 1,000 ní oṣù kẹwàá ọdún 2024. Yóò sanwó ọkọ̀ ojú omi, yóò fún ẹni tó ń mú wọn yí ká ní nǹkan, yóò ra àgbọn méjì àti oúnjẹ ọ̀sán. Ó parí. Èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà, inú táǹkì ọkọ̀ ló bá lọ, Èkó ni wọ́n sì ti ra epo ọ̀hún. Tọkọtaya tó bá sùn mọ́jú ló ń náwó gidi: owó yàrá, oúnjẹ alẹ́, oúnjẹ àárọ̀, ẹja tí wọ́n fẹ́ gbé lọ fún àwọn ará ilé. Oorun ọjọ́ kan yìí ni òwò ìgbafẹ́, òun sì ni Àgbádárìgì ń pàdánù. Ẹni tí ọ̀nà ti tọ́ níyà láàárọ̀, bó ṣe máa tètè padà ló ń rò kó tó dé ibi tó ń lọ.

Àwọn tó sọdá Sèmè ń rí ohun tó yàtọ̀. Láàrin Kútọnu àti Ouidah ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ọ̀nà kan wà létí òkun tí wọ́n ń pè ní Route des Pêches, nǹkan bíi kìlómítà 40. Ní Ouidah, ọ̀nà ẹrú tiwọn náà wà, kìlómítà mẹ́rin tàbí ohun tó sún mọ́ ọn, títí dé ẹnu ọ̀nà àìpadà létí òkun. Ìtàn kan náà ni, ẹrú kan náà, òkun kan náà. Ṣùgbọ́n ìjọba Patrice Talon, tó gorí àlééfà ní 2016, mú ìrìn ìgbafẹ́ bí iṣẹ́ ajé: ó da ọ̀dà sójú ọ̀nà etíkun, ó sì sọ ọdún ìbílẹ̀ oṣù kìn-ín-ní di Vodun Days láti 2024, kí àlejò lè mọ ọjọ́ tí yóò wá. Àwọn ará Èkó wà lára àwọn tó ń lọ náwó níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó CFA tí wọ́n so mọ́ yúrò ti wọ́n ju ti àtẹ̀yìnwá lọ fún ẹni tó ń gba náírà. Àgbádárìgì ni wọ́n ń gbà kọjá.

Ìjọba àpapọ̀ náà ní ọ̀nà etíkun tirẹ̀ lọ́wọ́, láti Èkó dé Calabar, kìlómítà 700, iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 2024. Ìlà oòrùn nìyẹn kọjú sí, owó àkọ́kọ́ tó sì jẹ nínú òwò ìgbafẹ́ ni ti etíkun Landmark ní Victoria Island, tí wọ́n wó lulẹ̀ ní 2024, tí àwọn oníṣòwò tó wà níbẹ̀ sì di aláìníṣọ́ọ̀bù. Ọ̀nà Abidjan sí Èkó tún wà, kìlómítà 1,028, tí orílẹ̀-èdè márùn-ún fọwọ́ sí àdéhùn rẹ̀ ní 2014. Ìyẹn yóò gba ọ̀dọ̀ àwọn ará Àgbádárìgì kọjá. Ó dára, ṣùgbọ́n ọlọ́kọ̀ ojú omi Gbẹ̀rẹ̀fù kò lè fi ìwé àdéhùn ra epo sẹ́ńjìnnì.

Ohun tí kò ní ná ìjọba Èkó tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó ọ̀nà ńlá wà tó lè ṣe lọ́dún yìí. Kó kọ iye owó ọkọ̀ ojú omi àti ti amọ̀nà sára pátákó ní èbúté, kí àlejò má baà máa ná ọjà pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Kí LASWA rí i pé jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì wà lọ́rùn olúkúlùkù kí ọkọ̀ tó ṣí. Kó kọ́ ilé ìtọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ òkun, nítorí kò sí obìnrin tó máa gbà láti padà síbi tí kò ti rí ibi ṣe ara rẹ̀. Kó sì bá ìjọba àpapọ̀ sọ̀rọ̀ lórí àwọn tó ń dá ọkọ̀ dúró láàrin Àgbárá àti Sèmè, àwọn ọlọ́pàá, kọ́sítọ́ọ̀mù àti ìmígírésọ̀n, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń béèrè ìbéèrè kan náà lọ́wọ́ ọkùnrin tó gbé ìyàwó rẹ̀ lọ wo òkun.

Ọkọ̀ ojú omi kò gbọdọ̀ rìn lóru lórí omi wa, àṣẹ sì nìyẹn. Nítorí náà, kí ilẹ̀ tó ṣú ni tọkọtaya náà ti gbọ́dọ̀ kúrò ní Gbẹ̀rẹ̀fù. Wọ́n á dé Marina Àgbádárìgì pẹ̀lú yanrìn nínú bàtà, òtẹ́ẹ̀lì lápá kan, ọkọ̀ wọn lápá kejì. Lọ́wọ́ tí nǹkan wà yìí, ọkọ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ń wọ̀.