Ìtúpalẹ̀ Gbólóhùn Kì í Ṣe Àkọ́sórí

Bí ìdánwò WAEC bá kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹni tí ó bá kọjá ní ẹ̀gbẹ́ ilé ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ ní àdúgbò Basin ní Ìlọrin lè gbọ́ ohùn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń ké bí ẹni ń ké ewì: ‘Noun clause, object of the verb!’ Ẹ bi wọ́n pé kí ni ‘noun clause’, wọn yóò dákẹ́. Ẹ yí gbólóhùn náà padà díẹ̀, ìdáhùn ti àná ni wọn yóò tún fún yín. Irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ni mo wá bá jà.

N kò bá àwọn tí ń ṣe ìdánwò jà. Àjọ WAEC, tí a dá sílẹ̀ ní 1952, a máa mú awẹ́ gbólóhùn tàbí àpólà kan láti inú àyọkà, a sì máa béèrè ohun méjì: kí ni orúkọ rẹ̀, iṣẹ́ wo ni ó sì ń ṣe níbẹ̀? Ìbéèrè tí ó dára ni. Àwọn tí ó ba nǹkan jẹ́ ni àwọn tí wọ́n to ìdáhùn jọ sínú ìwé pélébé, tí wọ́n ní kí ọmọ kọ́ ọ sórí.

Àwọn mìíràn tilẹ̀ ní kí a pa ẹ̀kọ́ náà rẹ́. Wọ́n ní ọmọdé kì í mọ olùwà tàbí àbọ̀ kí ó tó sọ fún ìyá rẹ̀ pé ebi ń pa òun. Òótọ́ ni, nítorí èdè tí ó gbọ́ láti ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ni ó fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mélòó nínú yín ni a fi èdè Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ lẹ́kún? Ẹ wo gbólóhùn yìí: ‘The bag of oranges are heavy.’ Etí ọ̀pọ̀ nínú wa kò ní kọ̀ ọ́, nítorí ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá kì í yí padà nítorí iye: ọmọ lọ, àwọn ọmọ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ ìtúpalẹ̀ yóò béèrè pé, kí ni ó wúwo? Àpò ni. ‘Of oranges’ kàn ń sọ irú àpò tí í ṣe ni. Ẹyọ kan sì ni àpò. ‘Is’ ni ó tọ́.

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù ni pé ọmọ Ìlọrin ni ó ń sọ pé ẹ̀kọ́ yìí le. Ìlọrin, ìlú onímọ̀ kéwú! Láti ìran dé ìran ni àwọn àlùfáà ìlú yìí ti ń kọ́ ọmọ ní gírámà èdè Lárúbáwá. Ìwé kékeré kan tí ó lókìkí nínú ẹ̀kọ́ náà ni Ajurrumiyya, tí Ibn Ajurrum ará Fez ní ilẹ̀ Mòrókò kọ, ẹni tí ó kú ní 1323. Nínú ẹ̀kọ́ náà, ọmọ gbọ́dọ̀ dáhùn nípa ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan: ọ̀rọ̀-ìṣe ni tàbí ọ̀rọ̀-orúkọ? Olùṣe ni tàbí ẹni tí a ṣe é sí? Èéṣe tí ìparí rẹ̀ fi rí báyìí? Kí ni ìyẹn bí kò ṣe ìtúpalẹ̀ gbólóhùn? Ìparí ọ̀rọ̀ ni Lárúbáwá fi ń fi olùṣe hàn. Ipò ọ̀rọ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì ń lò, Yorùbá náà sì ń lò ó. ‘Ajá lé Òjó’ kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú ‘Òjó lé ajá’. Ọmọ tí ó ń ṣe iṣẹ́ yìí ní ilé kéwú ń gbàgbé rẹ̀ ní ilé-ìwé, nítorí kò sí ẹni tí ó sọ fún un pé iṣẹ́ kan náà ni.

A kò sì ṣe aláìní irinṣẹ́ ní èdè tiwa. Àjàyí Crowther tẹ ìwé gírámà Yorùbá jáde ní 1852, Ayọ̀ Bámgbóṣé tẹ tirẹ̀ ní 1966, Ọládélé Awóbùlúyì, tí ó kọ́ni ní Yunifásítì Ìlọrin, sì tẹ tirẹ̀ ní 1978. Kí ló dé tí olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò fi lè bẹ̀rẹ̀ báyìí: ‘Ọkùnrin tí ó ta iṣu ti lọ sí Ọ̀fà’? Ẹ yọ ‘tí ó ta iṣu’ kúrò, gbólóhùn náà ṣì dúró. Ẹ yọ ‘ti lọ’ kúrò, ó wó. Ẹ wá gbé e lọ sí Gẹ̀ẹ́sì: ‘The man who sold the yams has gone to Offa.’ ‘Who sold the yams’ ń sọ ọkùnrin tí a ń wí fún wa. Iṣẹ́ àpèjúwe ni ó ń ṣe. Ọmọ tí ó ti fi ojú ara rẹ̀ rí i kò tún nílò ìwé pélébé ẹnikẹ́ni.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé nítorí máàkì nìkan ni mo ṣe ń pariwo. Ẹ óò dàgbà, ẹ óò gba ilé, ẹ sì lè rí i nínú ìwé àdéhùn pé: ‘The tenant shall repair the walls and the roof damaged by him.’ Ṣé ògiri àti òrùlé tí ayálégbé fúnra rẹ̀ bà jẹ́ ni, tàbí gbogbo ògiri, ohun yòówù tí ì báà bà á jẹ́, pẹ̀lú òrùlé tí òun bà jẹ́? Ọ̀nà méjèèjì ni gbólóhùn náà gbà. Bí òjò bá wó ògiri, ibi tí ‘damaged by him’ so mọ́ ni yóò sọ ẹni tí yóò sanwó. Ẹni tí ó bá rí i yóò ní kí a tún un kọ kí òun tó fi ọwọ́ sí i. Ẹni tí ó kọ́ orúkọ àpólà sórí bí ayékòótọ́ yóò fi ọwọ́ sí i, onílé yóò sì mú ìwé náà tọ̀ ọ́ wá lẹ́yìn òjò.