Ìka tó ṣẹ̀ ni ọba ń gé: Bàálù tó ń fi bọ́ǹbù pamọ́ kọ́ ló kàn wá

Bí ẹ bá dúró díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ìwé ìròyìn ní Ojú Ẹlẹ́gbà, ẹ máa gbọ́ àríyànjiyàn tí kì í tán. Ti bàálù ogun ni mo bá lẹ́nu wọn lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọ̀gbẹ́ni kan ní ìtìjú ló jẹ́ pé Nàìjíríà ò ní irú F-35 tí Amẹ́ríkà ń lò, ìyẹn bàálù tó ń gbé bọ́ǹbù pamọ́ sínú ikùn ẹ̀, tí ẹ̀rọ rédà kì í tètè rí. Ó ní tá a bá ní mẹ́ta péré, ọ̀rọ̀ àwọn agbébọn á di ìtàn. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi ò pàtẹ́wọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí ẹ̀.

Ká kọ́kọ́ mọ ohun tí ikùn yẹn wà fún. Rédà máa ń rán ìgbì rédíò sójú ọ̀run ni. Ohunkóhun tó bá dá ìgbì náà padà sí i, ó ti rí i nìyẹn. Bọ́ǹbù tó rọ̀ lábẹ́ apá bàálù, tòun ti irin tí wọ́n fi gbé e kọ́, máa ń dá ìgbì padà gan-an ni. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kó ohun ìjà F-22 àti F-35 sínú, tí wọ́n sì ṣe etí ilẹ̀kùn ẹ̀ bí eyín ayùn, kí ìgbì lè gba ibòmíì lọ.

Àmọ́ kò sí ọ̀fẹ́ níbẹ̀. Gbogbo awakọ̀ dánfó tó ń ná Mushin sí Yaba ló mọ̀ pé tí ẹrù bá gba inú ọkọ̀, èrò gbọ́dọ̀ dín kù. Bẹ́ẹ̀ náà ni bàálù yìí: àyè tó yẹ kí epo wà ni bọ́ǹbù gbà. Mísáìlì 8 péré ni F-22 lè kó pamọ́. Nínú ikùn F-35A, bọ́ǹbù ńlá 2, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bíi 900 kílò, àti mísáìlì 2 ló ń gbà. Ti F-35B tó lè balẹ̀ lóòró tún kéré sí i, torí abẹ̀bẹ̀ ńlá tó ń gbé e dúró lófuurufú ti gba àyè. Tí wọ́n bá sì ṣí ilẹ̀kùn náà lórí eré, atẹ́gùn á máa mi ikùn ọ̀hún jìgìjìgì, rédà náà sì lè tètè rí i lásìkò yẹn. Owó F-35 kan lé ní 80 mílíọ̀nù dọ́là, a ò tíì ka ti àtúnṣe.

Ìbéèrè mi ni pé, ta là ń sá pamọ́ fún? Àwọn agbébọn inú igbó Zamfara ò ní rédà. Lọ́jọ́ 18, oṣù keje, ọdún 2021, tí wọ́n yìnbọn já bàálù Alpha Jet wa bọ́, tí Flight Lieutenant Abayomi Dairo fò jáde, tí Ọlọ́run sì yọ ọ́, ilẹ̀ ni ìbọn ti wá. Ẹni tó ń yìnbọn láti ilẹ̀, ojú ló fi ń rí bàálù, etí ló fi ń gbọ́ ọ. Kí ni fífi bọ́ǹbù pamọ́ fẹ́ ṣe sí ìyẹn?

Àwọn tá a ti rà, ìta ni wọ́n ń gbé ohun ìjà kọ́. Super Tucano 12 tá a rà lọ́wọ́ Amẹ́ríkà ní nǹkan bíi 500 mílíọ̀nù dọ́là, tí wọ́n kó dé lọ́dún 2021, ojú ibi 5 ló ní fún un. JF-17 mẹ́ta tá a gbà lọ́wọ́ Pakistan lọ́dún yẹn kan náà ní 7. Fún irú ogun tá à ń jà yìí, wọ́n tó.

Ìṣòro wa kì í ṣe pé ọ̀tá ń rí wa. Àwa gan-an là ò ríran dáadáa. Lọ́jọ́ 17, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2017, bàálù wa ju bọ́ǹbù sí àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílé ní Rann, ìpínlẹ̀ Borno. Òṣìṣẹ́ Red Cross 6 kú níbi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ, ká má tíì sọ ti àwọn tí wọ́n ń pín in fún. Lọ́jọ́ 3, oṣù kejìlá, ọdún 2023, dírónù àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ pa èèyàn tó tó 85, ó kéré tán, ní Tudun Biri, Kaduna, níbi tí wọ́n ti ń ṣe Màólúdì.

Ẹlòmíì á ní orílẹ̀-èdè tó ní rédà lè gbógun tì wá lọ́la. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ilé ẹ̀ ń jó kì í lé eku.

Kí àwọn aṣòfin wa tó fọwọ́ sí owó bàálù ogun mìíràn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi àwọn ọ̀gá ológun: ta ló ń wo ibẹ̀ dáadáa kí bọ́ǹbù tó já? Bàálù mélòó lẹ ní tó jẹ́ pé iṣẹ́ ìṣọ́ nìkan ló ń ṣe? Ta ni ará abúlé lè pè láti sọ pé àwọn kì í ṣe agbébọn? Tí wọ́n bá sì ṣì í jù, ta ló ń jíhìn? Àwọn àgbà ní ìka tó ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Ìka tí kò ṣẹ̀ la gé ní Rann, òun náà la gé ní Tudun Biri. Ẹ kọ́kọ́ ra ojú fún àwọn ọmọ ogun wa ná.