Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ni kọ́sítọ́ọ̀mù mọ̀

Bí òjò bá ti ń rọ̀ dáadáa ní Ìdànrè, àgbẹ̀ oníkòkó ní Atosin, Aládé tàbí Òdòdé kì í fọwọ́ lẹ́rán. Páǹpù ni yóò máa wá, kó lè fín oko rẹ̀ kí èso kòkó tó jẹrà dúdú mọ́ orí igi. Páǹpù ọ̀hún, ẹ̀yà ara rẹ̀ àti ẹ̀yà ara ọ̀kadà tó ń gbé àgbẹ̀ lọ sóko, òkè òkun ni púpọ̀ nínú wọn ti ń wá. Láyé ìgbà tí fóònù wà lọ́wọ́ gbogbo èèyàn yìí, kò ṣòro fún ẹni tó ń tà wọ́n ní Ṣáínà láti wá oníṣòwò kan rí ní Atosin, kó ní: “Máa bá mi gba ẹrù, máa gbé e fún oníbàárà, máa gba owó, kí o yọ kọmíṣàn tìrẹ.”

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́. Oníṣòwò kékeré kò ní fi owó ara rẹ̀ ra ọjà, kò sì ní yá owó ní báńkì. Àmọ́ ìbéèrè kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í béèrè títí ẹrù yóò fi gúnlẹ̀ sí Èkó: ta ni yóò san owó kọ́sítọ́ọ̀mù? Ẹni tí kò bá tíì rí ìdáhùn ìbéèrè yìí gbà nínú ìwé, kó má ṣe gba ẹrù ẹnikẹ́ni.

Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Kì í ṣe iye tí wọ́n ta ọjà nìkan ni kọ́sítọ́ọ̀mù ń wò. Wọ́n ń ro owó ọjà pọ̀ mọ́ owó ọkọ̀ àti owó ìbánigbófò, lórí àpapọ̀ yẹn ni wọ́n ti ń yọ owó orí. Ká ní ọjà jẹ́ 400 dọ́là, owó ọkọ̀ jẹ́ 90, ìbánigbófò jẹ́ 10. Ó di 500 dọ́là. Bí irú ọjà náà bá bọ́ sí ìsọ̀rí 20 nínú ọgọ́rùn-ún, owó orí rẹ̀ jẹ́ 100 dọ́là. VAT tún ń bọ̀ lẹ́yìn, èyí tó ti di 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún láti oṣù kejì ọdún 2020, wọn yóò sì yọ ọ́ lórí 600 dọ́là, ìyẹn 45. Àpapọ̀ jẹ́ 145 dọ́là, a kò tíì ka àwọn owó kéékèèké mìíràn àti owó ẹ́jẹ́ǹtì mọ́ ọn. Bí kọmíṣàn oníṣòwò bá jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá owó ọjà, 40 dọ́là péré ni yóò rí. Ẹni tó fẹ́ jẹ 40, tó wá san 145, kì í ṣe òwò ló ń ṣe, ó ń bá olówó san gbèsè ni.

Àwọn kan yóò ní ẹni tó ni ọjà ló yẹ kó san án. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n “ó yẹ” kọ́ ni kọ́sítọ́ọ̀mù ń wò. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé ẹrù gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kó o wọlé ni wọ́n mọ̀. Ẹni tó wà ní Ṣáínà kò ní ọ́fíìsì níbí, kò sì sí ẹni tí yóò lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Oníṣòwò Atosin ni wọn yóò pè. Bí kò bá san owó náà, ẹrù yóò dúró sí àká, owó ìpamọ́ yóò máa gorí rẹ̀ lójoojúmọ́, oníbàárà tó ti sanwó sílẹ̀ yóò sì máa pariwo lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù.

Lẹ́tà mẹ́ta kan wà tó yẹ kí oníṣòwò mọ̀ bó ṣe mọ orúkọ ọmọ rẹ̀. DDP túmọ̀ sí pé ẹni tó ta ọjà ni yóò san owó orí títí ẹrù yóò fi dé ibi tí wọ́n fẹnu kò sí. DAP túmọ̀ sí pé ẹni tó ń gba ẹrù ni yóò san án. Bí wọ́n bá sì kọ DDP, kó má ṣe fọkàn balẹ̀ jù, nítorí àdéhùn àárín ẹni méjì nìyẹn, kò so ọwọ́ kọ́sítọ́ọ̀mù. Kí owó náà ti wà nílẹ̀ kí ẹrù tó gbéra ló dára jù.

Ọ̀nà ẹ̀bùrú tó wọ́pọ̀ ni pé kí olùtajà kọ iye tó kéré sínú ìwé, tàbí kó kọ “ẹ̀bùn” sára páálí. Orí ẹni tó gba ẹrù ni ewu rẹ̀ wà. Kọ́sítọ́ọ̀mù lè kọ iye náà, kí wọ́n ṣírò tiwọn, wọ́n sì ní ẹ̀ka tó ń yẹ ìwé wò lẹ́yìn tí ẹrù ti jáde.

Ìtura díẹ̀ ti wà. Láti 8 oṣù kẹsàn-án ọdún 2025 ni iléeṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù ti ní àwọn kò ní gba owó orí lórí ẹrù tí kò ju 300 dọ́là lọ, bí kò bá ti jẹ́ ọjà tí ìjọba fòfin dè. Ṣùgbọ́n ìgbà mẹ́rin péré lọ́dún ni. Ẹni tó bá ń gba páálí kan lọ́sẹ̀ fún olùtajà òkè òkun yóò ti lo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tán kí oṣù kìíní tó parí. Fún ẹni tó ra nǹkan fún ara rẹ̀ ni ìtura yìí wúlò jù, kì í ṣe fún ẹni tó sọ ọ́ di òwò.

Ìyípadà yìí kò mọ sí Nàìjíríà. Ní Bìrìtìkó, láti 1 oṣù kìíní ọdún 2021, ẹni tó ń ta ọjà tí kò ju 135 pọ́n-ùn lọ láti òkè òkun ló gbọ́dọ̀ gba VAT lọ́wọ́ oníbàárà nígbà tó ń tà á. Amẹ́ríkà náà, ní 29 oṣù kẹjọ ọdún 2025, dá àǹfààní tó jẹ́ kí ẹrù tí kò ju 800 dọ́là wọlé láìsan owó orí dúró. Olùtajà tó bá ní òun kò mọ ohunkóhun nípa owó orí lóde òní, irọ́ ló ń pa tàbí kò mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀rù tó ń ba ọ̀pọ̀ oníṣòwò ni pé, bí àwọn bá béèrè jù, olùtajà yóò lọ bá ẹlòmíràn ní Àkúrẹ́ tàbí Oǹdó. Kó máa lọ. Ẹni tí kò lè fi owó kọ́sítọ́ọ̀mù sílẹ̀ kí ẹrù tó gbéra kò wá alábàáṣe, ẹni tí yóò bá a ru ẹrù gbèsè ló ń wá.

Ohun tó yẹ kó wà nínú ìwé kò pọ̀: orúkọ ta ni ẹrù yóò fi wọlé, ta ni yóò san owó orí, ọjọ́ wo ni owó náà yóò dé, ta ni yóò san owó ìpamọ́ bí ẹrù bá pẹ́, àti ẹni tí yóò ru àdánù bí oníbàárà bá kọ ọjà. Kó wá ẹ́jẹ́ǹtì tó ní ìwé àṣẹ kọ́sítọ́ọ̀mù, kó jẹ́ kó bá a wo ìsọ̀rí tí ọjà náà wà kó tó fèsì fún olùtajà, kó san owó ìjọba ní báńkì, kó sì tọ́jú rìsíìtì rẹ̀. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.