Àdó Olóró Kò Lè Ṣe Iṣẹ́ Olùbẹ̀wò

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn alágbára ayé kọ etí ikún sí nígbà tí wọ́n fẹ́ fi àdó olóró yanjú ọ̀rọ̀ núkílíà orílẹ̀-èdè Ìránì. Ọjọ́ 13 oṣù Kẹfà ọdún 2025 ni Ísírẹ́lì bẹ̀rẹ̀ ìkọlù. Nígbà tó di ọjọ́ 22, Amẹ́ríkà kọlu Fordow, Natanz àti Isfahan. Ààrẹ Donald Trump kéde pé wọ́n ti run ibẹ̀ tán pátápátá.

Kí wá ni èrè rẹ̀? Kí ogun náà tó bẹ̀rẹ̀, IAEA, àjọ tí í ṣe ojú aráyé lórí ọ̀rọ̀ núkílíà, mọ̀ pé yùréníọ̀mù tí Ìránì ti ṣe àyọ́mọ́ rẹ̀ dé ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún lé ní 400 kìlógíráàmù. Kí oṣù Keje tó ta ọjọ́ mélòó kan, Ìránì ti fi òfin dá àjọṣe pẹ̀lú IAEA dúró, àwọn olùbẹ̀wò sì ti kó ẹrù wọn kúrò. Àdó olóró tí wọ́n ní yóò fi ọkàn aráyé balẹ̀ ló fọ́ aráyé lójú.

Èyí kò sọ Ìránì di aláìmọwọ́mẹsẹ̀. Ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ Natanz títí àṣírí fi tú ní ọdún 2002. Fordow, tí wọ́n gbẹ́ sábẹ́ òkè, di mímọ̀ ní ọdún 2009. Ilé iṣẹ́ iná mànàmáná wọn ní Bushehr kò nílò yùréníọ̀mù tó kọjá ìdá 5. Kí ni wọ́n fẹ́ fi ìdá 60 ṣe? Ẹni tó bá ń bẹ̀rù Ìránì kò jẹ̀bi. Ìwòsàn tó yàn ni kò dára.

Ìwòsàn tó ṣiṣẹ́ ti wà rí. Nínú àdéhùn ọdún 2015, Ìránì gbà láti má kọjá ìdá 3.67, kí èyí tó wà nípamọ́ má sì ju 300 kìlógíráàmù lọ. Léraléra ni IAEA jẹ́rìí pé ó ń pa àdéhùn náà mọ́. Trump ló yọ Amẹ́ríkà kúrò nínú rẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2018. Ẹ̀yìn ìyẹn ni Ìránì gòkè dé ìdá 60. Ẹni tó wó ọgbà kò yẹ kó máa bínú pé ewúrẹ́ wọ oko.

Ìtàn Ìráàkì wà fún àríkọ́gbọ́n. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1981, Ísírẹ́lì fọ́ Osirak nítòsí Baghdad. Saddam Hussein kò jáwọ́. Abẹ́lẹ̀ ló gbé iṣẹ́ náà lọ. Ẹ̀yìn ogun ọdún 1991 ni àwọn olùbẹ̀wò tó rí bí ó ti gbòòrò tó, tí wọ́n sì tú u palẹ̀. Nínú ìpinnu 487 tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi dá ìkọlù Osirak lẹ́bi, wọ́n ké sí Ísírẹ́lì pé kí òun náà ṣí ilé iṣẹ́ núkílíà rẹ̀ fún IAEA. Títí di òní, Dimona ṣì wà ní títì. Òfin tó ń na ọmọ kan, tó ń kẹ́ èkejì, ojúsàájú ni.

Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Etí òkun ni Bushehr wà, inú òkun yẹn kan náà ni Kuwait, Bahrain àti Qatar ti ń fa omi tí wọ́n ń yọ iyọ̀ rẹ̀ kí aráàlú tó mu ún. Bí àdó olóró bá ṣi ọ̀nà lọ bá ilé iṣẹ́ náà, ọmọdé tí kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní yùréníọ̀mù ni òùngbẹ yóò kọ́kọ́ gbẹ.

Kí Ìránì ṣílẹ̀kùn fún àwọn olùbẹ̀wò, kí Amẹ́ríkà padà sídìí àdéhùn, kí Ísírẹ́lì náà sì gbà kí wọ́n yẹ ilé tirẹ̀ wò. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó wà nínú yàrá kì í dáná sun ilé.