Gbèsè Tí A Jogún àti Ẹrù Tí A Fọwọ́ Ara Ẹni Gbé

Báwo ni ọmọ ìkókó tí kò tíì mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì ṣe lè jẹ̀bi èso tí Ádámù jẹ? Ẹni tí ìdáhùn rẹ̀ fìdí múlẹ̀ jù lọ nínú ìjọ ìwọ̀-oòrùn ni Augustine, bíṣọ́ọ̀bù ìlú Hippo ní Àríwá Áfíríkà, tó kú lọ́dún 430. Ó kọ́ni pé inú Ádámù ni gbogbo wa wà nígbà tó ṣẹ̀, nítorí náà ẹ̀bi rẹ̀ di tiwa. Róòmù 5:12 wà lára ohun tó gbára lé, ṣùgbọ́n Bíbélì èdè Látìn ló ń kà, èyí tó jẹ́ kó yé e pé inú Ádámù ni gbogbo ènìyàn ti dẹ́ṣẹ̀. Lójú ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ òde òní, ohun tí Gíríìkì tí Pọ́ọ̀lù kọ ń sọ ni pé ikú dé bá gbogbo ènìyàn nítorí pé gbogbo wọn dẹ́ṣẹ̀. Ìyàtọ̀ kékeré kọ́ nìyẹn. Síbẹ̀, Augustine kì í ṣe ìkà. Ó ṣàkíyèsí pé ọmọ ọwọ́ a máa jowú ọmọ mìíràn tó ń mu ọmú, ó sì wá ibi tí irú ìwà bẹ́ẹ̀ ti ṣẹ̀ wá. Ohun tó rí jẹ́ òtítọ́. Ìdájọ́ tó gbé kà á ni mi ò lè fara mọ́.

Ọ̀dọ̀ Constantinople, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ìjọ ìwọ̀-oòrùn, ni Rọ́ṣíà ti gba ìrìbọmi lọ́dún 988, ìjọ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì sì ń kọ́ni pé ikú àti àìlera ni Ádámù fi sílẹ̀ fún wa, kì í ṣe ẹ̀bi. Ó dà bí ọ̀rọ̀ baba tó ta ilẹ̀ ìdílé: òṣì ni ọmọ yóò bá nílé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé ọmọ náà fọwọ́ sí ìwé títà. Nínú àwọn òǹkọ̀wé Rọ́ṣíà, Tolstoy kò gba ẹ̀kọ́ ẹ̀ṣẹ̀ àjogúnbá rárá. Dostoevsky ni ọ̀rọ̀ mi kàn, nítorí inú ilé tirẹ̀ ni ìbéèrè náà ti bá a. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1878, Alyosha ọmọ rẹ̀, tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, kú nípa wárápá, àìsàn tí baba náà ń bá fínra láti ọ̀pọ̀ ọdún. Ó ṣòro láti wá àpẹẹrẹ ìjogún láìṣẹ̀ tó dunni ju èyí lọ. Lẹ́yìn oṣù kan ó lọ sí ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ní Optina, ó sì bá Amvrosy, àgbà nípa tẹ̀mí níbẹ̀, sọ̀rọ̀. Lọ́dún 1879 ni ìwé ìtàn rẹ̀, The Brothers Karamazov, bẹ̀rẹ̀ sí í jáde.

Nínú ìwé yẹn, ó dojú ẹ̀kọ́ Augustine dé, bí mo ṣe kà á. Markel, ọ̀dọ́mọkùnrin tí àìsàn àyà ń pa lọ, sọ pé olúkúlùkù ló jẹ̀bi sí gbogbo ènìyàn, òun sì jẹ̀bi ju gbogbo wọn lọ. Ẹ kíyè sí i pé kò dárúkọ Ádámù, kò sì nawọ́ sí ẹlòmíràn. Mitya, tí wọ́n fẹ̀sùn pípa baba rẹ̀ kàn láìjẹ́ pé ó pa á, lá àlá abúlé tó jóná, níbi tí ọmọ ìkókó kan ti ń sunkún nínú òtútù nítorí ọmú ìyá rẹ̀ ti gbẹ. Kò mọ ọmọ náà rí, kò sì ṣe é ní ibi kankan. Síbẹ̀ ó jí pẹ̀lú ìpinnu láti ṣe nǹkan kan kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ má sunkún mọ́, ó sì wá rí i pé ẹnìkan ti fi ìrọ̀rí sábẹ́ orí òun. Augustine gbé ẹ̀bi àgbà lé ọmọ lórí. Níhìn-ín, àgbà ló ń fà á padà sọ́rùn ara rẹ̀ nítorí ọmọ.

Àwọn kan lè sọ pé bí gbogbo ènìyàn bá jẹ̀bi, kò sí ẹni tó jẹ̀bi mọ́. Ìwé náà kò gbà bẹ́ẹ̀. Smerdyakov, ìránṣẹ́ ilé, ló pa baba, Ivan, àbúrò Mitya, ló kọ́ ọ pé kò sí ohun tó jẹ́ èèwọ̀, Mitya sì ti fẹnu ara rẹ̀ halẹ̀ ikú. Ìpín oníkálukú hàn gedegbe. Àtakò Ivan le ju èyí lọ: òtítọ́ wo ló tọ́ láti fi ẹkún ọmọ tí wọ́n fìyà jẹ rà? Dostoevsky kò fi àríyànjiyàn borí rẹ̀, mi ò sì rò pé ẹnikẹ́ni lè ṣe é. Àwọn ọmọ ilé ìwé tó yí pósí Ilyusha, ọmọdékùnrin ẹlẹgbẹ́ wọn, ká ló fi hàn wá, àwọn ọmọ tó ti sọ ọ́ lókò rí.

Èyí tó kù ni ìbẹ̀rù pé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ yóò wó ènìyàn lulẹ̀. Nígbà tí ilé ẹjọ́ dá Mitya lẹ́bi, tí ìrìn Siberia sì kù sí dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń gbìmọ̀ bí yóò ṣe sá lọ sí Amẹ́ríkà. Ó béèrè èrò Alyosha àbúrò rẹ̀, ẹni tó mọ ẹ̀kọ́ náà láti ẹnu ajẹ́jẹ̀ẹ́ tó tọ́ ọ. Alyosha dá a lóhùn pé àgbélébùú yẹn wúwo jù fún un, pé bó bá sá lọ, òun kò ní dá a lẹ́bi.